Ẹni Tí Ó Lé Eku Méjì

Ọ̀rọ̀ géèmù ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pa rédíò yín. Ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún tọmọdé tàgbà.

Bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn jù kì í ṣe èyí tí àwa ń fi ẹsẹ̀ gbá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ọwọ́ náà ni wọ́n sì fi ń jù ú. Àwọn yunifásítì wọn a máa bá ara wọn díje nínú rẹ̀. Nítorí pé ọmọ yunifásítì kì í pẹ́ kí ó tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, kóòṣì ní láti máa wá ọmọ tuntun lọ́dọọdún ní àwọn ilé-ìwé gírámà.

Géèmù kan tí ó ń jẹ́ EA Sports College Football 25, tí ó jáde ní oṣù Keje ọdún 2024, gbé iṣẹ́ yìí lé ẹni tí ń gbá a lọ́wọ́. Yunifásítì 134 ni ó wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ni ó sì ń wá ọmọ. Àwọn ọmọ ilé-ìwé gírámà ibẹ̀ kì í ṣe ẹni gidi. Géèmù náà ni ó ṣẹ̀dá wọn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tí ń gbé ní Houston ni ó kọ́ mi. Mo mú yunifásítì kékeré kan. Ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n àwọn ọmọ náà, láti orí ẹyọ kan dé márùn-ún. Ojú mi wọ àwọn onírààwọ̀ márùn-ún. Mo kọ orúkọ mẹ́wàá nínú wọn sílẹ̀, mo sì pín gbogbo wákàtí mi fún wọn. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, gbogbo wọn ti gba yunifásítì ńláńlá lọ. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àǹkù, màmá mi ní ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Ẹ̀yin lé mẹ́wàá!”

Ẹ gbọ́ bí ó ti rí. Ẹ lè kọ orúkọ ọmọ 35 sílẹ̀, ṣùgbọ́n wákàtí tí a ń fún yín lọ́sẹ̀ kò tó gbogbo wọn, ti yunifásítì kékeré kò sì tó ti ńlá. Láti fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ ọmọ kan, wákàtí 5 ni. Láti kọ̀wé sí i, 10 ni. Láti bá ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, 25 ni. Bí ẹ bá fẹ́ sa gbogbo ipá yín lórí rẹ̀, 50 ni.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣe ìwádìí. Onírààwọ̀ mẹ́ta kan lè ní òkúta iyebíye aláwọ̀ ewé lára, èyí tí ó fi hàn pé ó dára ju bí a ti rò lọ. Ẹlòmíràn tí orúkọ rẹ̀ ń ró, àmì pupa ni ẹ óò bá lára rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bi ara yín pé, kí ni ọmọ yìí ń fẹ́? Nǹkan 14 ni wọ́n fi ń yẹ yunifásítì wò: orúkọ rere nínú ẹ̀kọ́, ìsúnmọ́ ilé, àǹfààní láti tètè bọ́ sí pápá, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́ta nínú wọn ni ó jẹ ọmọ kọ̀ọ̀kan lógún jù. Bí ohun tí ó ń fẹ́ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ tẹra mọ́ ọn. Bí kò bá sí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ní i. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ní ọdún kejì, mo wá onírààwọ̀ mẹ́ta kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà, tí ó fẹ́ tètè bọ́ sí pápá. Èmi kò sì ní ẹni tí yóò máa ju bọ́ọ̀lù. Ọmọ náà wá, òun ni ó sì gbé wa dìde.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tán síbẹ̀ o. Ọmọ mìíràn ní ohun kan tí kò lè fara mọ́ kí ó yingin. Bí ẹ bá fi ìyẹn fà á wá, tí ẹ kò sì mú un dúró, ó lè kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yunifásítì mìíràn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, eré ni èyí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe eré. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń wá ọmọ iṣẹ́ tàbí ọmọ ẹ̀kọ́, ẹ má ka ìràwọ̀ nìkan. Ẹ bi ọmọ léèrè ohun tí ó ń wá, kí ẹ sì ṣèlérí kìkì ohun tí ẹ lè mú ṣẹ. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹnikẹ́ni bá ka ìràwọ̀ yín ní mẹ́ta, ẹ má banú jẹ́. Ó lè jẹ́ pé kò tíì ṣe ìwádìí.

Ó dìgbà o.