Ìwọ̀n Ara Wa Lẹ́yìn Ogójì Ọdún
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ìpàdé Ọdọọdún ti Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú wa

Ọ̀nà, omi àti ilé ìwòsàn ni a sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí ní ìpàdé yìí. Lónìí, ara àwa tí ń dáwó ọ̀nà àti omi náà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Nínú àwọn tí ń jókòó sí ìlà iwájú gbọ̀ngàn yìí tẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti rọpárọsẹ̀ ti mú àwọn kan lọ nígbà tí ọmọ wọn ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́. A kò ní dárúkọ wọn. Olúkúlùkù wa ni ó mọ̀ wọ́n.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń ka ìsanra sí àmì ọrọ̀ láàárín wa. Bí ọkùnrin kan bá ti Èkó dé tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú, àwọn ará ilé a ní owó ti ń wọlé. Bí ó bá padà wá ní ọdún kejì tí ikùn náà ti fà, wọn a máa bi ìyàwó rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ bóyá ara ọkọ rẹ̀ kò yá. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó ń rù láìmọ ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè lọ rí dókítà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ dín oúnjẹ rẹ̀ kù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ìbéèrè lé e padà sí ìdí àwo.

Ọ̀pọ̀ wa ni ó ń di ẹ̀bi ìsanra ru ọjọ́ orí. Wọ́n ní bí ènìyàn bá ti pé ogójì ọdún, iná inú ara a bẹ̀rẹ̀ sí kú. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lára àwọn ènìyàn tí ó lé ní 6,400 láti orílẹ̀-èdè 29. Wọ́n rí i pé, bí a bá ti ro ti ìtóbi ara mọ́ ọn, agbára tí ara ń ná lójúmọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà láti ogún ọdún títí dé ọgọ́ta ọdún. Kí ni ó wá yí padà? Ìgbésí ayé wa ni. Ní ọmọ ogún ọdún, ẹsẹ̀ ni a fi ń lọ sí oko, orí ni a fi ń ru omi. Ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, ọ̀kadà ni ó ń gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, orí àga ni a sì ń jókòó sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Òkèlè kò dín kù. Ẹran ọbẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ sí i, nítorí pé owó oṣù ti pọ̀ sí i.

Àwọn kan lérò pé bí àwọn bá ti sáré láàárọ̀, kò sí ohun tí àwọn kò lè jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn oníwádìí kan wọn agbára tí àwọn obìnrin agbègbè Igbó-Ọrà ń ná, wọ́n sì fi wé ti àwọn obìnrin adúláwọ̀ tí ń gbé nítòsí Chicago ní Amẹ́ríkà. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2009. Àwọn ará Amẹ́ríkà sanra ju tiwa lọ púpọ̀, síbẹ̀ agbára tí wọ́n ń ná lórí ìrìn àti iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìdí àwo ni kí a ti kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ náà. Gíráàmù ọ̀rá kan ń fún ara ní kálórì 9, nígbà tí ti ṣúgà jẹ́ 4. Ṣíbí ńlá kan tí ó kún fún epo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kálórì 120. Yóò gbà wá tó ìdajì wákàtí ìrìn kánkán kí a tó lè ná an tán. Ta ni nínú wa tí ó ń fi ṣíbí kan ṣoṣo se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí?

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọ iyán sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́, ilá tàbí ewédú gba ìdajì àwo, kí òkèlè gba ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan, kí ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹja tàbí ẹran gba èyí tí ó kù. Ẹni tí ó fi iyán sílẹ̀ tí ó wá ń jẹ àmàlà ńlá méjì, ara rẹ̀ ni ó ń tàn. Ní ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ṣúgà ni a ń mu. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá fi owó orí náírà 10 lé lítà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú òfin ìnáwó ọdún 2021.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2002 kó ènìyàn 3,234 jọ, tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ga ṣùgbọ́n tí àtọ̀gbẹ kò ì tí ì mú wọn. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 51, ojúgbà wa gan-an. A ní kí apá kan nínú wọn dín ìwọ̀n ara kù ní ìdá 7 nínú 100, kí wọ́n sì máa rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta, àtọ̀gbẹ fi ìdá 58 nínú 100 dín kù láàárín wọn sí ti àwọn tí a kàn fún ní oògùn tí kò ní agbára kankan. Kìlógíráàmù méje péré ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ó wọn ọgọ́rùn-ún.

Bí ẹ bá délé, ẹ wá okùn, kí ẹ gé e ní gígùn ara yín, kí ẹ ká a sí méjì. Bí kò bá yí ìbàdí yín po, iṣẹ́ wà láti ṣe. Ẹ máa rìn kánkán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, débi pé ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n ẹ kò lè kọrin. Ní ọjọ́ méjì, ẹ fi iṣẹ́ agbára kún un, nítorí pé iṣan tí a kò lò a máa dín kù: ẹ roko, ẹ gbé omi, tàbí kí ẹ máa dìde lórí àga láìfọwọ́ kan nǹkan. Ẹ ṣọ́ra fún tíì àti àgúnmu tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ni ọ̀pọ̀ wọn ń fà. Omi ni ó ń jáde, ọ̀rá wà ní àyè rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó yí oúnjẹ padà.

A bẹ Ìgbìmọ̀ pé ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí a gbé omi síwájú ènìyàn kí a tó gbé ìgò ẹlẹ́rìndòdò jáde, kí a sì fi èso rọ́pò pọfú-pọọfu. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ń bọ̀, ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, a óò máa pàdé níwájú gbọ̀ngàn yìí láti rìn dé odò, kí a sì padà. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè dúró ní ìdajì ọ̀nà. A óò bá a níbẹ̀ bí a bá ń bọ̀.