Ìwé Ìhágún Tí A Kò Rí Dà Bí Èyí Tí A Kò Kọ



Yorùbá kì í fẹ́ dárúkọ ikú mọ́ ara rẹ̀. Bí a bá gba àgbàlagbà níyànjú pé kí ó kọ ìwé ìhágún rẹ̀, yóò ní, “Ṣé ẹ fẹ́ kí n tètè kú ni?” Ṣùgbọ́n ìwé kì í pa ènìyàn. Àìkọ ìwé ni ó ń tú ilé ká.

Ẹ wo ẹjọ́ ilé Dawodu ní Èkó. Suberu Dawodu kú ní 1940, kò kọ ìwé ìhágún. Ó fi aya mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ìbéèrè wá dìde: ṣé ìdí-igi ni kí a fi pín ogún náà ni, tàbí orí-ò-jorí? Nínú ìdí-igi, iye ìyá tí ó bímọ ni a ń kà. Nínú orí-ò-jorí, iye ọmọ ni. Ẹjọ́ náà dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní 1958, ó sì rékọjá òkun dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ọbabìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1962 ni wọ́n tó fi òǹtẹ̀ lù ú pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, pé olórí ẹbí sì lè lo orí-ò-jorí láti fi parí ìjà. Ọdún 22 ti kọjá lẹ́yìn ikú bàbá. Èwo ni òun ìbá yàn nínú méjèèjì? Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ láéláé.

Òfin kò béèrè ohun tí ó ṣòro. Kí orí ẹni tí ó ń kọ ọ́ pé; kí ó fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà; kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i lójú rẹ̀. Ẹni tí a fún ní nǹkan nínú ìwé náà, tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, kí ẹ̀bùn náà má baà bọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí a kà á fún un ní èdè rẹ̀ kí ó tó tẹ̀ka. Ilẹ̀ ẹbí kò sì sí lára ohun tí ẹnì kan lè há.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe gbogbo èyí tán, wọ́n wá ti ìwé náà bọ abẹ́ àpótí. Ibẹ̀ ni ewu wà. Bí ìwé náà bá wà lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́, tí a sì wá a tì lẹ́yìn ikú rẹ̀, ilé ẹjọ́ lè gbà pé òun fúnra rẹ̀ ni ó fà á ya. Nítorí náà, ẹ fi ojúlówó rẹ̀ pamọ́, kí a lẹ̀ ẹ́ pa, sí ọ́fíìsì ìwé ìhágún ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí. Kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni méjì ó kéré tán mọ ibi tí ó wà. Bí ẹ bá kọ òmíràn, ẹ sọ nínú rẹ̀ pé ẹ ti pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.

Ẹ yan àwọn tí yóò mú un ṣẹ, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi wọ́n bí wọ́n bá gbà. Alfred Nobel, ọmọ ilẹ̀ Sweden, kọ ìwé ìhágún tirẹ̀ ní 1895 láìpe lọ́yà. Ó kú ní 1896. Àwọn ìbátan rẹ̀ kan takò ó. Ṣùgbọ́n ìwé náà wà ní báńkì ní Stockholm, Ragnar Sohlman, ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún 26 tí Nobel yàn mọ́ ẹnì kejì, kò sì jáwọ́. Ní 1901 ni a kọ́kọ́ pín ẹ̀bùn náà. Láti inú ìwé yẹn ni ti Wọlé Ṣóyínká ti wá ní 1986.

Ẹ̀yin ará, òkú kì í dìde wá ṣàlàyé. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ yín nígbà tí ẹnu ṣì wà, kí ẹ sì gbé e síbi tí ọmọ yóò ti rí i.