Eyín Ọmọ: Àmánà Lọ́wọ́ Àwọn Òbí

(Àsọ̀yé fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti àwọn òbí ní agbègbè Òkè-Ògùn)

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ń jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ènìyàn ní ìdá tí ó dára, tí ó sì fi ẹnu, ahọ́n àti eyín jíǹkí rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹlòmíràn. A máa ń gbọ́ wáàsù lórí ìrun, lórí sàká, lórí ìgbéyàwó àti ogún pípín. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó gbọ́ wáàsù lórí eyín ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó ti ọmọ tí eyín ń dùn lóru, tí ọmọ náà kò lè jẹun, tí kò lè sùn, tí kò sì lè lọ sí ilé-kéú nígbà tí ilẹ̀ mọ́, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2022 pé àwọn ọmọ tí eyín àkọ́hù wọn ti jẹrà lé ní 500 mílíọ̀nù káàkiri ayé. Ọmọ tiwa ń bẹ nínú wọn.

Ohun tí ẹ̀sìn wa sọ

Bukhari àti Muslim gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abu Huraira (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) pé bí kì í bá ṣe pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò fẹ́ ni ìjọ rẹ̀ lára ni, ìbá pa wọ́n láṣẹ láti máa run orín nígbà gbogbo ìrun. Nígbà tí wọ́n bi ìyá wa Aisha (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) léèrè ohun tí Ànábì kọ́kọ́ máa ń ṣe bí ó bá wọlé, orín rírun ni ó dárúkọ. Kódà, ní wákàtí ìkẹyìn Ànábì láyé, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, Abdur-Rahman ọmọ Abubakar, wọlé pẹ̀lú orín lọ́wọ́. Ànábì tẹjú mọ́ orín náà. Aisha mọ ohun tí ó ń fẹ́. Ó gbà á, ó tún un ṣe títí tí ó fi rọ̀, Ànábì sì fi run ẹnu rẹ̀ kí ó tó padà sọ́dọ̀ Olúwa rẹ̀. Bí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò bá gbàgbé ìmọ́tótó ẹnu lórí ibùsùn ikú, kí ni àwíjàre tiwa tí ara wa le?

Àwọn baba wa máa ń sọ pé kékeré ni ìmàle ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lóṣòó. Orúkọ rere ni òwe yìí fún wa. Ó fi hàn pé aládùúgbò wa mọ̀ wá mọ́ títètè kọ́ ọmọ. Ohun tí a fẹ́ fi yé ara wa ni pé ìtọ́jú eyín wà lára ohun tí a gbọ́dọ̀ fi kọ́ ọmọ lóṣòó.

Ìpele méjì tí eyín ń gbà hù

Ọlọ́hun ṣe ètò eyín ní ìpele méjì. Eyín àkọ́hù jẹ́ 20. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ; nígbà tí ọmọ bá fi máa di ọmọ ọdún mẹ́ta, gbogbo wọn a ti pé sẹ́nu. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́fà ni wọ́n ń yẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí eyín àgbà sì ń rọ́pò wọn títí di nǹkan bí ọdún 12. Eyín àgbà jẹ́ 32, bí àwọn tí ó wà ní ẹ̀yìn pátápátá bá yọ pé.

Ọ̀pọ̀ òbí a máa wí pé, "Eyín tí yóò yẹ náà ni, kí ni a fẹ́ máa yọ ara wa lẹ́nu lé e lórí fún?" Ẹ̀yin ahunṣọ Ìsẹ́yìn lè dá wọn lóhùn. Bí òwú tí a ta sílẹ̀ bá wọ́, aṣọ òfì tí a fi hun kò lè tọ́. Eyín àkọ́hù ni ó ń di àyè mú fún eyín àgbà. Bí ó bá jẹrà tí a sì yọ ọ́ láìtọ́jọ́, àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a sún gba àyè náà, ti àgbà a sì wá hù wọ́. Bí kíkẹ̀ bá dé gbòǹgbò rẹ̀, ó lè ba eyín àgbà tí ń dàgbà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ibi tí àwọn òbí ti ń pàdánù jùlọ rèé. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sí méje, eyín ńlá mẹ́rin máa ń yọ lẹ́yìn gbogbo eyín àkọ́hù, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Kò sí eyín tí ó yẹ kí wọ́n tó yọ. Nítorí náà ìyá kì í mọ̀ pé wọ́n ti dé. Ó rò pé ara eyín tí yóò yẹ ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ àwọn ni àkọ́kọ́ nínú eyín àgbà tí a fi ń lọ oúnjẹ, ọmọ náà yóò sì máa lò wọ́n títí yóò fi di arúgbó. Orí wọn ní kòtò tóóró-tóóró tí oúnjẹ ń há sí. Bí wọ́n bá jẹrà, kò sí òmíràn tí yóò hù rọ́pò wọn.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a wo ètò Ọlọ́hun. Ọmọ ọdún méje ni Ànábì ní kí a bẹ̀rẹ̀ sí í pa láṣẹ ìrun kíkí, gẹ́gẹ́ bí Abu Dawud ti gbà á wá. Ọjọ́ orí yẹn gan-an ni eyín tí yóò bá ọmọ dọ́jọ́ alẹ́ ń yọ. Bí a bá ń mú ọmọ lọ sídìí àlùwàlá, kí ni ó dé tí a kò fi ní wo ẹnu rẹ̀ níbẹ̀? Àṣà méjèèjì lè jọ wọ ọmọ lára lọ́jọ́ kan náà.

Ohun tí ń ba eyín jẹ́

Àwọn ènìyàn wa gbàgbọ́ pé kòkòrò ni ó ń jẹ eyín. Wọn kò jìnnà sí òtítọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe kòkòrò tí ojú lè rí, tí ẹnìkan lè fi èéfín lé jáde fún owó. Kòkòrò àìfojúrí ni. Wọ́n ń gbé nínú ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń yọ̀ lára eyín. Bí ọmọ bá jẹ ohun dídùn, àwọn náà a jẹ níbẹ̀, wọn a sì sọ ọ́ di omi kíkan tí ń jẹ ara eyín. Itọ́ ẹnu ni Ọlọ́hun fi ṣe àtúnṣe: bí a bá fún un láyè díẹ̀, yóò fọ omi kíkan náà dànù, yóò sì tún ibi tí ó bàjẹ́ díẹ̀ ṣe. Nítorí náà, iye ìgbà tí ọmọ ń jẹ ohun dídùn lóòjọ́ burú ju bí ó ti pọ̀ tó lẹ́ẹ̀kan lọ. Ọmọ tí ó ń lá súwíìtì láti àárọ̀ dalẹ́ kò fún itọ́ ẹnu rẹ̀ láyè rárá.

Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò 50cl kan lè ní ṣúgà tí ó ju ṣíbí kékeré mẹ́wàá lọ. Ògì oníṣúgà tí a fi sínú ìgò fún ọmọ láti máa fà mu títí oorun yóò fi gbé e lọ burú pẹ̀lú, nítorí pé itọ́ ẹnu ń dín kù lójú oorun. Agbègbè tiwa ni wọ́n ń pè ní agbọ̀n oúnjẹ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Wàrà àwọn Fúlàní, ẹ̀pà, ẹ̀wà, ẹyin, àgbàdo sísè, màǹgòrò àti èso ẹ̀mí ń bẹ ní Ṣakí, ní Kíṣí, ní Òkèhò àti ní Ìgbòho. Kò yẹ kí ọmọ wa máa fi bisikíìtì àti súwíìtì ṣe ìpanu.

Eyín híhù kì í ṣe àrùn

Ohun kan ń bẹ tí ó ti gba ẹ̀mí. Bí ọmọ oṣù mẹ́fà bá ń ṣu tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, a ó ní eyín ni. Eyín híhù lè mú kí itọ́ máa dà lẹ́nu ọmọ, kí ó máa sunkún díẹ̀, kí ó sì máa rún nǹkan lẹ́nu. Kì í fa ibà líle, kì í sì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Àkókò yẹn ni ọmọ ń rákò, tí ó ń ki ohun gbogbo bọ ẹnu, tí ààbò tí ó gbà lára ìyá rẹ̀ sì ń dín kù. Ẹni tí ó bá di ẹ̀bi ru eyín lè jẹ́ kí àrùn gidi pa ọmọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, àwọn dókítà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní Nàìjíríà ń rí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí kò lè tọ̀ mọ́, tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ìwádìí fi hàn pé òògùn olómi kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin ni àwọn òbí wọn fún wọn, èyí tí wọ́n ń tà fún ìrora eyín híhù. Èròjà olóró tí ń jẹ́ diethylene glycol ti wọ inú rẹ̀. Àjọ NAFDAC kó o kúrò lórí igbá, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 2009 fi máa bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ìjọba kéde pé ọmọ 84 ti kú. Ìfẹ́ ni àwọn òbí wọn fi ra òògùn náà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí a má ṣe máa wá òògùn fún ohun tí kì í ṣe àrùn. Aṣọ mímọ́ tí a fi omi tútù rẹ, tí ọmọ ń rún lẹ́nu, ti tó. Bí ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá wà, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a jáwọ́ nínú oǹdè tí wọ́n ń so mọ́ ọmọ lọ́rùn nítorí eyín. Àwọn kan ń ka ọmọ tí ó kọ́kọ́ hu eyín òkè sí àmì ibi. Ànábì sì ti kọ̀ fún wa láti máa ka ohunkóhun sí àmì ibi. Ọlọ́hun tí ó hu ti ìsàlẹ̀ náà ni ó hu ti òkè. Ẹ má ṣe fi ìtìjú kan ọmọ aláìṣẹ̀.

Ohun tí a ó máa ṣe

Èkíní: láti ọjọ́ tí eyín àkọ́kọ́ bá ti yọ ni kí ìyá máa fi aṣọ mímọ́ tàbí búrọ́ọ̀ṣì kékeré nu ún láàárọ̀ àti lálẹ́.

Èkejì: kí a lo ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fluoride, èyí tí ń mú ara eyín le. Ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan tó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kékeré kan tó fún ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà. Kí ó tu ìfófòó rẹ̀ dànù, kí ó má gbé e mì.

Ẹ̀kẹta: ọwọ́ ọmọdé kò tíì gún. Kí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n máa bá a fọ̀ ọ́ títí yóò fi tó ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ, kí wọ́n sì rí i pé ó dé eyín ẹ̀yìn.

Ẹ̀kẹrin: orín kò di ohun àtijọ́. Àtá, àyin àti ewúro ń bẹ ní oko wa, àwọn onímọ̀ sì ti rí i pé omi ara orín àtá ń pa kòkòrò àìfojúrí. Kí ọmọ tí ó ti gbọ́n máa run ún ṣáájú ìrun, ní ìjókòó, kí ó má máa sáré kiri pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a bá ti kírun Ìṣáì, tí ọmọ sì ti jẹun tán, búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ni kí ó kẹ́yìn. Bí a bá fọ̀ ọ́ ṣáájú àlùwàlá, omi àlùwàlá yóò ṣan fluoride náà kúrò.

Ẹ̀karùn-ún: bí àmì funfun tàbí dúdú bá hàn lára eyín, kí a tètè fi han oníṣègùn eyín. Ọ̀nà Òkè-Ògùn sí Ìbàdàn jìn, owó ọkọ̀ sì wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ìdènà fi sàn fún wa ju ìwòsàn lọ. Bí ọmọ tí ó rù, tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ èéyi, bá ní egbò lẹ́bàá eyín tí ń rùn, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wú, kí a má ṣe sun ún di ọ̀la. Ó lè jẹ́ àrùn noma, tí ó lè jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé egungun láàrin ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n tí òògùn ń kápá rẹ̀ bí a bá tètè dé. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í kún àwọn àrùn tí ayé ti pa tì.

Sí ẹ̀yin ọ̀dọ́

Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n nílé, ẹ̀yin ni ẹ ń ran àwọn àlùfáà wa lọ́wọ́ ní ilé-kéú. Súwíìtì ni a sábà fi ń yin ọmọ tí ó bá ka súrà rẹ̀ já. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni a fi ń ṣe wọ́n lálejò níbi ìkómọ àti wòlímọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe níbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀pà, wàrà tàbí ìwé ìkọ̀wé rọ́pò rẹ̀. Kí olùkọ́ kéú máa bi ọmọ léèrè láràárọ̀ bí ó bá ti fọ ẹnu rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń bi í bí ó bá ti kí Àsùbáà. Ẹnu tí a ó fi máa ka Alùkùránì ni, ó tọ́ kí ó mọ́.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọlọ́hun yóò bi olúkúlùkù wa léèrè ohun tí ó fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, ara ọmọ wa sì wà lára rẹ̀. Kí Ọlọ́hun fún wa ní agbára láti ṣọ́ àmánà náà, kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ wa dàgbà nínú ìlera àti ìgbàgbọ́, kí ó má sì jẹ́ kí a rí ikú ọmọ. Àmín.