Ẹrù àti Òṣùká: Ọ̀rọ̀ lórí Àṣẹ Ọ̀gá Awakọ̀ Òfurufú



Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ nípa ọ̀gá awakọ̀ òfurufú. Èmi kò mọ bàálù í wà. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ tèmi. Ṣùgbọ́n nínú yàrá kékeré tí ó wà níwájú bàálù, ọ̀rọ̀ ẹnu lè gba ẹ̀mí là, ó sì lè pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá.

Kí á kọ́kọ́ wo ohun tí òfin wí. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Chicago ní ọdún 1944 ni ìpìlẹ̀ òfin ìrìnnà òfurufú lágbàáyé. Àfikún Kejì rẹ̀ là á sílẹ̀ pé ọ̀gá awakọ̀ ni yóò dáhùn fún bí a ti wa ọkọ̀, ìbáà jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ìdarí wà tàbí ọwọ́ igbákejì rẹ̀. Òun ni ó ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Bí ewu bá dé tí kò sí ọ̀nà mìíràn, ó lè yà kúrò nínú ìlànà kí ẹ̀mí má baà ṣòfò. Àdéhùn Tokyo ti ọdún 1963 tún fún un ní agbára láti de èrò tí ó bá fẹ́ da ọkọ̀ rú, tàbí kí ó fà á lé ìjọba lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ààlà tí ó wà níbẹ̀. Ní ìrìn tí kò mú wàhálà dání, ìgbà tí a bá ti gbogbo ilẹ̀kùn ìta lẹ́yìn tí èrò wọlé tán ni agbára yìí bẹ̀rẹ̀; ìgbà tí a bá ṣí ọ̀kan nínú wọn kí èrò lè sọ̀ ni ó parí. Kì í ṣe oyè àjẹkú. Ẹrù ni a gbé ru ọ̀gá awakọ̀, àṣẹ sì ni òṣùká tí ó fi rù ú. Ẹni tí ó bá sọ ẹrù kalẹ̀ kò ní ohun tí ó ń fi òṣùká ṣe mọ́.

Báwo ni òṣùká ṣe ń di ìdẹkùn? Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, bàálù ńlá méjì, ọ̀kan ti KLM, èkejì ti Pan Am, kọ lu ara wọn ní pápákọ̀ òfurufú Los Rodeos ní erékùṣù Tenerife. Ènìyàn 583 ni ó kú. Kùrukùru bo ilẹ̀. Ọ̀gá awakọ̀ KLM, Jacob Veldhuyzen van Zanten, kì í ṣe òpè. Olùkọ́ àwọn awakọ̀ ni nínú ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sáré láti gbéra nígbà tí wọn kò tí ì fún un láṣẹ. Ẹnjinníà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ béèrè bóyá ọkọ̀ Pan Am kò tí ì kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá dá a lóhùn tìdánilójú-tìdánilójú pé ó ti kúrò. Kò sí ẹni tí ó tún tako ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo gbólóhùn náà bí a ti í wo ewì. Ẹnjinníà kò sọ pé kí wọ́n dúró. Ìbéèrè ni ó fi gbé àníyàn rẹ̀ kalẹ̀, ìbéèrè a sì máa fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀gá láti dáhùn, kí ó sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Lójú tèmi, ọ̀wọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìkìlọ̀ lọ.

Kí a má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Holland nìkan nìyí. A kì í sọ fún àgbà lójúkojú pé ó ṣì í ṣe. Òwe ni a fi ń ta á lólobó. Bẹ́ẹ̀, òwe a máa gba àkókò: ẹni tí a pa á fún gbọ́dọ̀ rò ó kí ó tó di odindi nínú rẹ̀. Lójú òfurufú, àkókò náà lè má sí. Síbẹ̀, n kò gbà pé èdè wa ni ó dí wa lẹ́nu. Ẹni tí ó bá ké pé 'Ẹ dúró!' ti bọ̀wọ̀, ó sì ti pàṣẹ, nínú ọ̀rọ̀ méjì péré. Kò yẹ kí ọmọdé sọ ìkìlọ̀ di ìbéèrè kí a tó mọ̀ pé a kọ́ ọ nílé.

Ní ọdún 1979, NASA pe àpérò lórí bí àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù ṣe ń bá ara wọn lò. Láti irú ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tuntun ti jáde: kí ọ̀gá máa béèrè ìmọ̀ràn, kí ọmọ iṣẹ́ máa sọ ohun tí ó rí. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 1989, ẹ́ńjìnnì ìdí bàálù DC-10 kan ti United fọ́ lójú òfurufú, agbára tí a fi ń darí ọkọ̀ sì pòórá. Al Haynes, ọ̀gá awakọ̀, gba ìrànlọ́wọ́ Dennis Fitch, olùkọ́ awakọ̀ tí ó wà láàrin èrò. Fitch ń fi ẹ́ńjìnnì méjì tí ó kù tọ́ ọkọ̀ títí wọ́n fi dé Sioux City. Nínú ènìyàn 296, 184 yè.

Ẹnìkan lè bi mí pé, bí ẹnu bá pọ̀, ta ni yóò pinnu? Ọ̀gá náà ni. Haynes kò gbé àṣẹ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Etí ni ó fi kún un. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Nítorí náà, mo fi ìbéèrè kan sílẹ̀ fún àwa tí a jẹ́ ọ̀gá ní kíláàsì, ní ọ́fíìsì àti nínú ilé: nígbà wo ni ọmọ iṣẹ́ wa sọ gbẹ̀yìn pé 'Ẹ dúró', tí a sì dúró? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.