Àárẹ̀ Ọkàn Nínú Àwọn Àgbà



Àdúrà tí a máa ń gbà fún ara wa jùlọ ni àdúrà ẹ̀mí gígùn. Nítorí náà ni ó fi tọ́ kí a bá ara wa sọ̀rọ̀ nípa àìsàn kan tí ó máa ń dúró de àwọn tí àdúrà náà bá ṣẹ mọ́ lára, èyíinì ni àárẹ̀ ọkàn.

Ọkàn tí a ń wí yìí kì í ṣe ibùgbé ìrònú àti ìfẹ́, bí kò ṣe ẹran ara tí ó tó ìkúùkù, tí ó wà nínú àyà wa, tí ó sì ń lù tó ìgbà 100,000 lójúmọ́, ọ̀kẹ́ márùn-ún gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àwọn baba wa, láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Ọkàn ẹni tí àìsàn yìí ń ṣe kò dúró. Ó dà bí alágbàṣe tí agbára rẹ̀ ti tán, tí ó ṣì ń lọ sí oko láràárọ̀, ṣùgbọ́n tí kò lè kọ iye ebè tí a wọ̀n fún un mọ́. Ẹ̀jẹ̀ kò wá rìn bí ó ti yẹ. Omi a máa pọ̀ sí ẹsẹ̀ àti ikùn. A sì máa pọ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró, tó bẹ́ẹ̀ tí aláìsàn kò fi ní lè sùn gbalaja. Àwa mọ bàbá kan tí ó sùn lórí àga fún oṣù mélòó kan; àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe bí àdúrà òru ni ó ń gbà.

Ní 2017, a ṣírò pé ó lé ní àádọ́ta ọ̀kẹ́ lọ́nà 64 ènìyàn tí àìsàn yìí ń bá jà ní gbogbo ayé. Ní ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn oníṣègùn ti ń ṣọ́ ọkàn àwọn ará ìlú láti 1948, ìṣirò tí wọ́n gbé jáde ní 2002 fi hàn pé ẹnì kan nínú márùn-ún àwọn tí ó pé ẹni 40 ọdún ni yóò ní in kí ó tó kú. Nínú àwọn tí a bá rí i lára wọn, bí ìdajì ni kì í rí ọdún karùn-ún. Jẹjẹrẹ púpọ̀ wà tí kò burú tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ jẹjẹrẹ ni a ń bẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn wá jù nìyí. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, ẹni tí ó ti lé ní 70 ọdún ni ó sábà máa ń mú. Ní Abẹ́òkúta, nínú aláìsàn 452 tí àwọn oníṣègùn kọ ìròyìn wọn jáde ní 2014, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn kò pé 57. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó sì fa ti èyí tí ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn lọ. Ogbó ti òyìnbó ni ó ń mú, àwa ni ó ń mú kí a tó gbó. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni. A lè gbé e rìn fún 20 ọdún láìmọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ lòdì sí agbára tí ó ju tirẹ̀ lọ, títí yóò fi le tàbí kí ó fẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá wú tán, a ó ní ó tẹ oògùn mọ́lẹ̀ ni, a ó sì máa wá ọ̀tá kiri nínú agbo ilé.

Oògùn wà tí ń fa omi kúrò lára, òmíràn wà tí ń fi kún ọjọ́ ayé aláìsàn. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé, bí ẹsẹ̀ bá ti fọn, ọ̀pọ̀ a pa oògùn tì; ẹsẹ̀ fọn ni, ọkàn kò tíì san.

A dábàá pé kí Ẹgbẹ́ yìí ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, kí a gbé e sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn yìí, kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó ní ìpàdé tí ń bọ̀ láì kọ́kọ́ na apá, ìjòyè ìbáà ṣe, àlùfáà ìbáà ṣe. Apá tiwa ni kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n.