Kí La Ó Máa Fi Jẹ Ẹ̀pà Lílọ̀ Lẹ́yìn Ìpàdé?

Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ bá ìpàdé oṣooṣù sọ, ẹ̀ka Okokomaiko

Alága ní kí n má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè wọ inú ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìpanu ni. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ìpanu ti bọ́ sọ́wọ́ àwa ọ̀dọ́, bísíkíìtì oníyọ̀ la máa ń gbé kalẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀pà lílọ̀, tàbí sàdíìnì tí a fi mayonnaise pò. Ó máa ń dùn, mi ò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú yàrá yìí. Àwọn tó ń ṣọ́ ṣúgà wọn wà níbí, àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbí. Wọ́n á mú bísíkíìtì mẹ́fà torí pé ojú ń tì wọ́n láti kọ̀ ọ́, tàbí kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa wo ẹnu wa. Kò sí èyí tó dáa nínú méjèèjì.

Kí ló wà nínú bísíkíìtì yẹn? Ìyẹ̀fun àlìkámà, òróró àti iyọ̀ ni, tí wọ́n yan títí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀. Àìsí omi yẹn ló ń mú kó ró lẹ́nu, òun náà ló jẹ́ kí kálórì pọ̀ sínú ìwọ̀nba kékeré. Gíráàmù 100 rẹ̀ lè ní nǹkan bíi kálórì 430. Kùkúḿbà tó wúwo bákan náà, bíi 15 péré ni. Ìkàn, tí àwọn kan ń pè ní ìgbá, bíi 25. Kárọ́ọ̀tì, bíi 40. Àwọn náà ń ró lẹ́nu, àmọ́ omi tó kún inú wọn ló mú wọn le.

Ẹni tó bá rò pé oúnjẹ òyìnbó ni mo ń polówó, kó wo ilé kejì rẹ̀. Àwọn ará Ìgbò pọ̀ ládùúgbò wa, òwò ọjà Alábà ló kó ọ̀pọ̀ wọn wá sí agbègbè Ọ̀jọ́. Tí wọ́n bá ń ṣàlejò, wọ́n á gbé obì wá, wọ́n á gbé ìkàn wá, pẹ̀lú ẹ̀pà lílọ̀ aláta tí wọ́n ń pè ní ose ọjị. Wọ́n á gé ìkàn, wọ́n á fi bu ẹ̀pà jẹ. Kò sí bísíkíìtì níbẹ̀, àlejò ò dẹ̀ bínú lọ sílé.

Ẹnìkan nínú ẹ̀ka wa ní kí a kúkú fi ìpékeré rọ́pò. Ìpékeré dùn, ti wa sì ni, ṣùgbọ́n òróró tó fà mu lè mú kí kálórì rẹ̀ ju ti bísíkíìtì lọ. Inú òróró náà ni wọ́n ti ń dín kókóró. Àgbọn tútù ńkọ́? Ó ju 350 lọ nínú gíráàmù 100.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ mi dáadáa nìyí: ẹ̀pà lílọ̀ fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600. Ṣíbí ìjẹun kan, bíi 95. Tí èèyàn bá fi kùkúḿbà ko ṣíbí mẹ́rin, kí la wá ṣe? A ó máa bu ẹ̀pà sínú abọ́ kékeré, ṣíbí kan fún ẹnìkan. Ẹ tún jẹ́ ká gbìyànjú ẹ̀wà: ká sè é kó rọ̀, ká lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata rodo, àlùbọ́sà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́, láìfi òróró sí i. Kálórì rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti ẹ̀pà, ó sì máa ń yó èèyàn.

Ìyá wa kan sọ fún mi pé bísíkíìtì kì í bàjẹ́, kùkúḿbà ń bàjẹ́. Òótọ́ ni. Òwúrọ̀ ọjọ́ ìpàdé gan-an la ó máa ra nǹkan ní Ìyànà Ìbà. A ó gé kárọ́ọ̀tì ní ìdagun kó lè gba ẹ̀pà dúró, a ó yọ kóró inú kùkúḿbà, a ó rẹ wọ́n sínú omi tútù díẹ̀ kí wọ́n lè le. Ìkàn ń dúdú tí a bá tètè gé e, nítorí náà ìgbà tí a bá fẹ́ jẹun la ó gé e. (Ìpàdé aago méjì tó ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i.)

Ọ̀rọ̀ fífọ̀ kì í ṣe eré. Gbogbo wa la rántí oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí kọlọ́rà jà ní Èkó. Omi tó mọ́ tó ń ṣàn la ó fi fọ̀ wọ́n, a ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ọ̀bẹ, a ó sì bó èyí tó ṣe é bó. Fún àwọn àgbà tí eyín wọn ò gbà á, a ó bọ kárọ́ọ̀tì díẹ̀. Ẹ má fún ọmọ kékeré ní kárọ́ọ̀tì tútù, ó lè há a lọ́fun.

Ohun tí a ń bẹ̀ ẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìgbìmọ̀ jẹ́ ká fi owó bísíkíìtì ìpàdé méjì tó ń bọ̀ ṣe èyí. A ò béèrè àfikún. A ó ṣì ra páálí bísíkíìtì kan fún ẹni tó bá fẹ́. Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dìbò sí i kí a tó túká lónìí.