Ẹ Jẹ́ Kí Á Bo Ọjà Wa: Ọ̀rọ̀ Lórí Eku, Ẹran Ìgbẹ́ àti Àìsàn

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wa ní ọjà Ìdó)

   

Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àjọ. Ọ̀rọ̀ ẹranko tó ń kó àìsàn ran ènìyàn ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn kan á ní, kí ló kan àwa tí a wà láàárín mọ́tò àti ojú irin pẹ̀lú ẹranko inú igbó? Ó kàn wá púpọ̀. Oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń tà. Eku ń bẹ ní ìsọ̀. Ẹran ìgbẹ́ ń bẹ lórí àtẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní Oyíngbò. Gààrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́ tó ti oko wá, ọwọ́ wa ló ń gbà kọjá kó tó dé ìkòkò oníbàárà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Èkó níbí. Ní ọdún 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn kan bẹ́ sílẹ̀ nílùú yìí. Eégbọn tó ń jẹ eku ló ń gbé e kiri. Bí eku bá kú tán, eégbọn á wá ẹlòmíràn tí yóò jẹ, ènìyàn ló sì ń bá nítòsí. Ara á gbóná, kókó á so sí abíyá àti itan, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì bá a lọ. Ọdún bíi mélòó kan ni wọ́n fi bá a jà. Ní 1928 ìjọba òyìnbó dá àjọ L.E.D.B. sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe, torí ilé há, ìdọ̀tí sì pọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn ló wó ilé àwọn kan níbẹ̀, àwọn náà ló pín ilẹ̀ Yábàá sí ojúlé. Nítorí náà, eku wà lára ohun tó sún àwọn ará Èkó kọjá afárá wá sí apá ọ̀dọ̀ wa yìí. Ẹ ò rí i pé eku kì í ṣe ohun kékeré?

Èyí tó wà pẹ̀lú wa lónìí ni ibà Lásà. Lásà jẹ́ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Borno. Ní 1969 ni nọ́ọ̀sì òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọ níbẹ̀ ṣàìsàn, wọ́n gbé e lọ sí Jos, ó kú. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ náà kú. Ẹnì kẹta kó o, wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, òun yè é. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá àrùn náà mọ̀, tí wọ́n sì fi orúkọ ìlú yẹn pè é.

Eku tó ń gbé ibà Lásà kì í ṣe eku ńlá inú gọ́tà. Eku kékeré kan ni, ọmú rẹ̀ pọ̀ ju ti eku yòókù lọ, ó ń bímọ rẹpẹtẹ, ó ń gbé oko, ó ń gbé ilé. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: àìsàn náà kì í ṣe eku yìí. Ara rẹ̀ le, ó ń sáré, ó ń jẹun, ṣùgbọ́n àrùn wà nínú ìtọ̀ rẹ̀ àti imí rẹ̀. Bó bá tọ̀ sórí gààrí, tí ẹnì kan sì bu gààrí náà somi tútù mu, wàhálà dé nìyẹn. Àwọn tó ń pa eku yìí jẹ náà ń kó o nígbà tí wọ́n bá ń la inú rẹ̀. Ẹni tó bá ti kó o lè fi ẹ̀jẹ̀, èébì tàbí ìtọ̀ kó o ran ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pọ̀ jù, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹrin. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n ń sá láfún sẹ́bàá títì. Ní 2020 nìkan, ó lé ní 1,000 ènìyàn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní in ní Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Ẹdó àti Òǹdó wà lára ibi tó ti pọ̀ jù, àwọn ọsibítù Ìrúà àti Ọ̀wọ̀ sì mọ ìtọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin náà mọ iye lọ́rí tó ń ti apá ibẹ̀ wá sí Èkó.

Bí ibà lásán ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ara gbígbóná, orí fífọ́, ọ̀fun dídùn, èébì. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ènìyàn ti kó o kó tó fara hàn. Ọ̀pọ̀ tó kó o ni kì í le fún. Àwọn tó bá le fún, ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde lára wọn. Àwọn mìíràn yè é, ṣùgbọ́n etí wọn di. Oògùn rẹ̀ wà, wọ́n ń pè é ní ribavirin. Bí a bá tètè lò ó ló ń ṣe dáadáa jù.

Ó ku ti Ẹbólà. Gbogbo wa la rántí ọdún 2014. Ní Kóńgò ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1976. Àdán ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó ń gbé e, ọ̀bọ àti ìnàkí sì ń kó o. Ní ogúnjọ́ oṣù keje 2014, ọkùnrin kan bá ọkọ̀ òfuurufú wá láti Làìbéríà, ó gúnlẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú àrùn náà lára. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ló kọ̀ jálẹ̀ pé kò gbọdọ̀ jáde ní ọsibítù, bí wọ́n tilẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu kó fi í sílẹ̀. Ìran Herbert Macaulay ni obìnrin yìí, Macaulay tí títì tó lọ sí Yábàá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tó bá Àlímọ́tù Pẹlẹ́wùrà àti àwọn ìyá ọlọ́jà Èkó ṣe pọ̀ láyé ọjọ́un. Dókítà náà kó àrùn ọ̀hún, ó kú ní oṣù kẹjọ. Ogún ènìyàn ló kó o ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú. Nígbà tó di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa.

Ẹ wo ohun tí ìbẹ̀rù ṣe lọ́dún yẹn. Wọ́n ń pe ara wọn lóru pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu ún. Iyọ̀ ò wo Ẹbólà, ọsibítù ló gbé àwọn kan lọ. Wọ́n ní orógbó ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá tó ń ta ẹran ìgbẹ́ tẹ́ ọ̀yà sílẹ̀, kò sẹ́ni tó yà. Bẹ́ẹ̀, ènìyàn ló gbé e wọ Èkó, kì í ṣe ẹran orí àtẹ wọn. Àìmọ̀ ló ba ọjà wọn jẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ ọ́ lónìí: tí a bá mọ̀, a ó ṣọ́ra, ọjà wa ò sì ní bàjẹ́ nítorí àhesọ.

Àrùn kan tún wà tí wọ́n ń pè ní monkeypox, tí wọ́n sọ di mpox ní 2022. Orúkọ ọ̀bọ ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́rẹ́ àti àwọn eku igbó bí òkété ni àwọn onímọ̀ ń fura sí jù. Ó tún yọjú ní Nàìjíríà ní 2017. Kókó ló ń so sára ènìyàn.

Àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ohun tí ẹgbẹ́ fẹnu kò lé lórí nìyí:

1. Kí gbogbo gààrí, ìrẹsì, ẹ̀wà àti èlùbọ́ ní ọmọrí. Kí àpò má jókòó sórí ilẹ̀, pákó ni kó wà. Kí a gbá gbogbo èyí tó bá dà sílẹ̀ ká tó ti ìsọ̀ lálẹ́, torí oúnjẹ òru eku ni.

2. Pàkúté àti ológbò ni ká fi lé eku. Ẹ má da òtapiápiá sẹ́bàá oúnjẹ. Ẹ má fọwọ́ lásán mú òkú eku, ẹ fi ọ̀rá wé ọwọ́. Bí ẹ bá rí imí eku, ẹ má gbá a ní gbígbẹ, kí erùkù má baà gbé e. Ẹ bu omi tí Jik wà nínú rẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kó rin, kí ẹ tó nù ún.

3. Àpò tí eku bá jẹ wọ inú, ẹ má jọ̀ ọ́ kí ẹ tún tà á. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí dùn wá. Iye àpò gààrí kan kì í ṣe owó kékeré, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé gbèsè ni wọ́n fi rà á. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ eku kì í jọ̀ kúrò nínú gààrí. Ẹni tó bá gbé irú àpò bẹ́ẹ̀ wá fún ìgbìmọ̀ wò, ẹgbẹ́ á san ìdajì owó rẹ̀ padà fún un láti inú àpò wa.

4. Ẹ̀yin ẹlẹ́ran ìgbẹ́, ẹ má ra ẹran tí ọdẹ bá bá ní òkú nínú igbó, bó ti wù kó pọ́n tó. Ẹ jìnnà sí àdán, ọ̀bọ àti ìnàkí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí ẹ bá ń kun ẹran. Ẹni tí ọgbẹ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó fi iṣẹ́ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ọṣẹ àti omi lẹ́yìn iṣẹ́. Kí ẹran jinná dénú.

5. Ibà tó bá ti kọjá ọjọ́ méjì tí kò gbóògùn, ẹ lọ sí ọsibítù. Ẹ sọ fún dókítà pé ọjà oúnjẹ lẹ ń tà. Nọ́ńbà àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àrùn, NCDC, ni 6232. Ọ̀fẹ́ ni.

Èyí tó gbẹ̀yìn ló jẹ wá lógún jù. Ẹ má fi aláìsàn pamọ́ nítorí ìtìjú. Àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá sì ti gba ìtọ́jú, tí dókítà ní ó ti sàn, ẹ jẹ́ kó padà sí ìsọ̀ rẹ̀, ẹ rà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí a bá lé ẹni àkọ́kọ́ tó sọ òótọ́, ẹnì kejì ò ní sọ, gbogbo wa ló sì máa jìyà rẹ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọjà wa, á ṣọ́ àwọn ọmọ wa. A ò ní tọrọ jẹ, a ò ní ta àìsàn fún ọmọ ẹlòmíràn. Àmín.